Bí a ṣe kọ́ jọ́nà òfin àgbáyé àti ètò ààbò ní ẹ̀ka òfin wa: àkọsílẹ̀ ẹ̀dà àkọ́kọ́

Ẹ̀dà àkọ́kọ́ jọ́nà (ìwé àkójọ àpilẹ̀kọ ìmọ̀) tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe lórí òfin àgbáyé àti ètò ààbò ti jáde. Mo ń kọ èyí sílẹ̀ fún àwọn tó máa gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa, àti fún akẹ́kọ̀ọ́ òfin níbikíbi tó bá ní irú èrò yìí lọ́kàn. Ohun tó jẹ wá lágbára jù lọ ni àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé: ká mú un níkọ̀ọ̀kan, ká wá ìwé tó tọ́ka sí, ká ṣí ojú ewé náà, ká kà á. Gbogbo nǹkan yòókù tí mo máa sọ, tìtorí ìyẹn ni a ṣe ṣe é.

Ìdí tó fi jẹ́ òfin àgbáyé

Wọ́n bi wá léèrè pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà nínú òfin àgbáyé, nígbà tí òfin ilé gan-an ṣì ń fún wa ní wàhálà. Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Taslim Ọláwálé Elias, ọmọ Èkó, jẹ́ adájọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague láti 1976 títí ó fi kú ní 1991, ó sì jẹ ààrẹ ilé ẹjọ́ náà láti 1982 sí 1985. Ṣáájú ìgbà yẹn, òun ló darí ìgbìmọ̀ gbogboogbò níbi àpérò Vienna ti 1968 àti 1969, níbi tí àwọn orílẹ̀-èdè ti jókòó yanjú òfin tó de àdéhùn láàárín ara wọn. Nígbà tí ó kú, Ọmọọba Bọ́lá Ajíbọ́lá láti Abẹ́òkúta ló bọ́ sí àga rẹ̀.

Ti àwọn ńláńlá nìyẹn. Ẹ wá wo oníṣòwò kan, Ọlájídé Afọlábí, tó pe ìjọba Nàìjíríà lẹ́jọ́ ní Ilé Ẹjọ́ ECOWAS nítorí pé wọ́n ti ibodè Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ pa ní 2003, òwò rẹ̀ sì dúró gbagidi. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ná ọjà Kùtọ̀nù mọ irú ìrora tí èyí jẹ́. Ní 2004, ilé ẹjọ́ ní ìwé àdéhùn 1991 tó gbé òun kalẹ̀ kò fún ẹnì kan láyè láti fúnra rẹ̀ wá pẹjọ́. Afọlábí pàdánù, ṣùgbọ́n ariwo ẹjọ́ rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí wọ́n ṣe àfikún sí ìwé àdéhùn náà ní oṣù Kìíní 2005. Láti ìgbà náà, ẹni tí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn rẹ̀ lójú lè gba ọ̀dọ̀ wọn lọ tààrà. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi pàdé tí wọ́n mọ orúkọ ẹjọ́ yìí fún ìdánwò, tí wọn kò sì ka ìdájọ́ náà rí. Ibẹ̀ gan-an ni èrò jọ́nà yìí ti wá.

Ta ló ń ṣe kí ni

Ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣe olóòtú ọ̀pọ̀lọpọ̀ jọ́nà òfin. Harvard Law Review ti wà láti 1887. Harvard dá ti òfin àgbáyé sílẹ̀ ní 1959, Virginia ṣe tiwọn ní 1960. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń yan àpilẹ̀kọ níbẹ̀, òun náà ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, olùkọ́ ló sábà máa ń di irú ipò bẹ́ẹ̀ mú. A jíròrò rẹ̀ gan-an, àwọn kan nínú wa sì fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Èmi kò gbà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: ẹni tó ti lo ogún ọdún lórí òfin òkun máa rí ihò nínú àpilẹ̀kọ tí èmi á kà kọjá lọ.

Ibi tí a fẹnu kò sí ni pé àwọn ọ̀mọ̀wé méjì tí kò mọ ẹni tó kọ ọ́ máa sọ bóyá àlàyé inú àpilẹ̀kọ dúró lórí ẹsẹ̀. Ìyókù jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́: ìkéde, ìyẹ̀wò àkọ́kọ́, àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé, èdè, títò ojú ewé, títẹ̀ jáde. A fi òfin kan kún un tí mo gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó má yọ kúrò. Olóòtú kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àpilẹ̀kọ olùkọ́ tó máa máàkì ìwé rẹ̀ ní sáà yẹn. Ẹ̀rù ò ní bà á, ojú ò sì ní tì í.

A kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Olùkọ́ nílò àpilẹ̀kọ kó tó lè gba ìgbéga, àwọn jọ́nà ayédèrú sì mọ èyí. Wọ́n á gba owó, wọ́n á gbé iṣẹ́ jáde láìsí ẹni tó kà á. Owó ìkànnì àti àyè rẹ̀ lórí sáfà (kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì dání), àwa fúnra wa dá a, àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti di lọ́yà sì bá wa fi kún un.

Ìwé ìpè tó ń sọnù

Open Journal Systems (OJS) ni a lò, sọ́fútíwíà ọ̀fẹ́ tí Public Knowledge Project ní Yunifásítì Simon Fraser ní Kánádà ń tọ́jú. Òǹkọ̀wé á gbé iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀, olóòtú á yan aláyẹ̀wò, gbogbo lẹ́tà tó bá lọ tó bá bọ̀ á wà níbì kan náà. Gbígbé e ka sáfà kò le. Ẹni tó bá ti gbé WordPress kalẹ̀ rí máa ṣe é.

Ímeèlì ló dà wá láàmú. A fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí àwọn aláyẹ̀wò, ńṣe ni ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé òun á bá wa ka iṣẹ́ ló pè wá lórí fóònù: “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ò fẹ́ kí n kà á mọ́ ni?” A ní kí wọ́n jọ̀wọ́ wo àpótí spam wọn. Ibẹ̀ ni gbogbo lẹ́tà wa kó sí.

Ohun tó fa á rèé. Sáfà tí a háyà ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní orúkọ ìkànnì wa, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó jẹ́rìí sí i pé ó láṣẹ bẹ́ẹ̀. A ṣe nǹkan mẹ́ta. A yí OJS kúrò lórí ọ̀nà ìránṣẹ́ PHP, a so ó mọ́ SMTP, ọ̀nà ìfi-ímeèlì-ránṣẹ́ tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀. A kọ ìlà SPF sínú DNS, àkọsílẹ̀ ìta gbangba nípa orúkọ ìkànnì wa; ìlà náà ló ń sọ fún ayé pé sáfà báyìí ló lè fi orúkọ wa kọ lẹ́tà. A sì tan DKIM, tó ń fi òǹtẹ̀ sí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ẹni tó gbà á lè mọ̀ pé wọn kò fọwọ́ kàn án lọ́nà. Ọjọ́ tí a parí rẹ̀ ni ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó pe aláyẹ̀wò kankan.

Fífi orúkọ òǹkọ̀wé pamọ́ kò gba àkókò, àmọ́ ó ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Èèyàn lè pa orúkọ rẹ́ lójú ewé kìíní, kí Word ṣì tọ́jú rẹ̀ sínú àbùdá fáìlì. Ìdí nìyí tí a fi ń lo Inspect Document, irinṣẹ́ Word tó ń wá irú rẹ̀ jáde, lórí gbogbo fáìlì. A tún máa ń wá gbólóhùn bíi “gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ nínú iṣẹ́ mi ìṣáájú”, nítorí ìyẹn náà ń dárúkọ ẹni.

Títọpa dé orísun

Ìlànà OSCOLA ni a fi ń kọ ìtọ́kasí. Bí a ṣe pín iṣẹ́ náà ni pé ẹni méjì á mú àpilẹ̀kọ kan, ọ̀kan á ka ohun tí òǹkọ̀wé sọ sókè, ìkejì á ṣí orísun. Wọn kò gbọ́dọ̀ kọ “ó tọ́” síwájú àlàyé kankan àfi tí ojú ewé náà bá wà níwájú wọn.

Àpilẹ̀kọ kan dá lórí Bakassi, ilẹ̀ etíkun tí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé dá fún Kamẹrúùnù nínú ẹjọ́ rẹ̀ pẹ̀lú Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dun ọmọ Nàìjíríà púpọ̀, ẹni tó kọ ọ́ sì mọ ìwé kọ débi pé mo fẹ́ràn rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A lọ sí ìkànnì Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé, ìdájọ́ wọn wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, a ṣí [2002] ICJ Rep 303, ìyẹn ojú ewé 303 nínú àkójọ ìdájọ́ wọn ti 2002. Ibi àkọ́kọ́ tí a fàlà sí ni ibi tí ó ti sọ pé ó yẹ kí Nàìjíríà pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Kò sí irú rẹ̀ ní The Hague. Abala 60 nínú òfin tó gbé ilé ẹjọ́ náà kalẹ̀ sọ pé ìdájọ́ wọn ni òpin. Ohun tó wà ni àtúnyẹ̀wò lábẹ́ abala 61: ẹ̀rí tuntun tó lè yí ẹjọ́ padà gbọ́dọ̀ yọjú, ẹ̀rí tí ilé ẹjọ́ àti ẹni tó ń béèrè kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbé e wá láàárín oṣù mẹ́fà tí wọ́n rí i. Tí ọdún 10 bá ti kọjá lórí ìdájọ́, ilẹ̀kùn ti tì. Ti Bakassi tì ní oṣù Kẹwàá 2012, lẹ́yìn tí ariwo pọ̀ ní Àbújá pé kí ìjọba padà lọ, tí ìjọba kò sì lọ.

Ibi kejì ni ọjọ́. Nínú iṣẹ́ náà, ó dà bí ẹni pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni Bakassi kúrò lọ́wọ́ Nàìjíríà. Ìdájọ́ wáyé ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹwàá, 2002. Àdéhùn Greentree, tí ààrẹ méjèèjì fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà, jẹ́ ti ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, 2006. Àwọn ológun wa kúrò ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ìfilélẹ̀ tó kẹ́yìn sì di ọjọ́ 14, oṣù Kẹjọ, 2008. Bí wọ́n bá da àwọn ọjọ́ yìí pọ̀, ẹni tó ń gbé ní Bakassi láàárín 2002 sí 2008 kò ní mọ abẹ́ òfin ìlú wo ni òun wà, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè yẹn gan-an ni àpilẹ̀kọ náà fẹ́ dáhùn.

Ẹ̀kẹta kan Ajíbọ́lá. Iṣẹ́ náà pè é ní ọ̀kan lára àwọn adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní 2002. Sáà rẹ̀ ti parí ní 1994. Ohun tó gbé e jókòó lórí ẹjọ́ Bakassi ni abala 31, tó gba orílẹ̀-èdè tí kò ní ọmọ rẹ̀ lórí ìjókòó láyè láti yan adájọ́ kan fún ẹjọ́ náà nìkan. Nàìjíríà yan Ajíbọ́lá, Kamẹrúùnù yan Kéba Mbaye ti Sẹ̀nẹ̀gà. Nígbà tí wọ́n dìbò lórí ẹni tó ni Bakassi, adájọ́ 13 gbè é fún Kamẹrúùnù, 3 kò gbà. Ajíbọ́lá wà nínú àwọn 3 yẹn, ó sì kọ èrò tirẹ̀ tó yàtọ̀ sílẹ̀. Mo rọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka èyí pé kí wọ́n wá èrò náà kà.

Àpilẹ̀kọ lórí ààbò òkun ló tún fún wa níṣẹ́. Òǹkọ̀wé pe gbogbo ìkọlù ọkọ̀ ojú omi ní Gulf of Guinea ní iṣẹ́ ajalèlókun. Lẹ́nu ojoojúmọ́, kò burú. Nínú òfin, ó níbi tó pín sí. Abala 101 nínú àdéhùn òfin òkun ti 1982 sọ pé ìkọlù náà gbọ́dọ̀ jẹ́ lórí agbami òkun, láti inú ọkọ̀ kan sí òmíràn, fún èrè ara ẹni. Abala 58 nasẹ̀ rẹ̀ dé àgbègbè ọrọ̀ ajé tó lọ títí dé 200 máìlì òkun. Àmọ́ láàárín máìlì òkun 12 sí etíkun, omi orílẹ̀-èdè ni. Olè tó bá dìhámọ́ra kọlu ọkọ̀ níbẹ̀, adigunjalè orí omi ni lábẹ́ òfin, orílẹ̀-èdè tó ni omi náà nìkan ló sì lè mú un níbẹ̀. Ìwé ìlànà Yaoundé ti 2013 tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Áfíríkà ṣe lórí ààbò òkun, àti òfin tí Nàìjíríà ṣe ní 2019 láti fìyà jẹ àwọn ajalèlókun kò da méjèèjì pọ̀. A dá iṣẹ́ náà padà, a ní kí òǹkọ̀wé jọ̀wọ́ pín tábìlì rẹ̀ sí méjì. Nígbà tí tábìlì tuntun dé, àwọn ìkọlù tó wà nítòsí èbúté bọ́ sí apá kejì, àbá tó wà níparí àpilẹ̀kọ náà sì yí padà. Dípò kí ó pe ọkọ̀ ogun ilẹ̀ òkèèrè, ó ń béèrè ọlọ́pàá èbúté àti ilé ẹjọ́ tó lè parí ẹjọ́. Mo ka ìyẹn sí iṣẹ́ tó dára jù lọ tí ìgbìmọ̀ wa ṣe.

Ìwé tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ orí pẹpẹ ilé ìkàwé nìkan ló wà, gba pé kéèyàn fẹsẹ̀ rìn lọ wá a. Ẹ mú ẹjọ́ Abacha àti Fawehinmi tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Nàìjíríà dá, tó wà nínú àkójọ ìdájọ́ tí wọ́n ń pè ní NWLR: (2000) 6 NWLR (Pt 660) 228. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí iṣẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí kò tọ́ka sí i, tí wọ́n á sì fi sọ pé òfin tó sọ Ìwé Àdéhùn Ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn di tiwa lágbára ju àwọn òfin ilé yòókù lọ. Òótọ́ ni. Ọmọ ọlọ́dún kẹta kan nínú wa lọ sí ilé ìkàwé, ó fa ìdì ìwé náà jáde, ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà, ó sì bá ìdajì kejì pàdé: ilé ẹjọ́ náà sọ pé kò ga ju ìwé òfin ìpìlẹ̀ ìlú lọ. Ìdajì yẹn kò sí nínú iṣẹ́ tí a ń yẹ̀ wò. Ó ṣeé ṣe kí òǹkọ̀wé ti rí i nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn, tí ẹni yẹn náà rí i níbòmíràn. Ọmọ náà ya ojú ewé rẹ̀ ní fọ́tò, a sì so ó mọ́ lẹ́tà wa.

Bí a ṣe ń kọ̀wé sí àgbà

Èyí kò sí nínú ìwé ìlànà kankan, ó sì lè da jọ́nà akẹ́kọ̀ọ́ rú. Báwo ni ọmọ ọdún 21 ṣe máa sọ fún olùkọ́ àgbà pé ohun tí ó tọ́ka sí kò sí níbẹ̀? A ṣe lẹ́tà kan tí gbogbo wa ń lò: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. A ṣí ojú ewé tí ẹ tọ́ka sí ní àlàyé 14, a kò tíì rí gbólóhùn náà níbẹ̀. Ojú ewé náà nìyí tí a fi ránṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá wa wò ó.” A kì í sọ pé wọ́n ṣì í. A ń fi ojú ewé hàn, a sì dúró. Ọ̀kan nínú wọn bínú díẹ̀, ó yọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn yòókù dúpẹ́, ọ̀kan sì ní òun máa fi lẹ́tà wa han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun.

Àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀

A pinnu pé àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan máa ní àṣamọ̀ (àkópọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ṣókí) méjì, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá, àti pé orúkọ òǹkọ̀wé máa wọ gbogbo àmì rẹ̀. Nígbà tí PDF àkọ́kọ́ jáde, àmì ohùn lórí ẹ̀ àti ọ́ ti sún lọ sórí lẹ́tà kejì, ẹ̀rọ ìwádìí kò sì rí orúkọ náà rárá.

Orísun ìṣòro náà pé méjì. Àwọn kan kì í tẹ ẹ, ọ àti ṣ. Ńṣe ni wọ́n ń fa ìlà sábẹ́ e, o àti s nínú Word. Bí a bá kó o sínú OJS, ìlà náà á pòórá, “ọkọ̀” á di “okò”. Ìkejì ni pé Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, ní ẹ, ọ àti ṣ lódidi, ṣùgbọ́n kò ní ẹ́ tàbí ọ̀ lódidi. Àmì ohùn gbọ́dọ̀ dá dúró kó wá gun lẹ́tà náà, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì kò sì mọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí. A wá gbogbo lẹ́tà tó ní ìlà lábẹ́, a pààrọ̀ wọn sí U+1EB9, U+1ECD àti U+1E63 (nọ́ńbà ẹ, ọ àti ṣ), a sọ gbogbo fáìlì di NFC, kí lẹ́tà àti àmì lè wà ní ọ̀nà kan náà níbi gbogbo, a sì yí fọ́ǹtì sí Charis SIL, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tó sì mọ ilé àmì. Lẹ́yìn náà la tún PDF ṣe, a so fọ́ǹtì mọ́ ọn nínú, a dà á kọ síbòmíràn láti wò ó. Orúkọ jáde pé.

ISSN àti ìwé títẹ̀

Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ti Nàìjíríà ló ń fúnni ní ISSN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá jọ́nà mọ̀, nílẹ̀ yìí. Ti orí ìwé àti ti orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ béèrè méjèèjì pọ̀. Nọ́ńbà kẹjọ nínú rẹ̀ ló ń ṣọ́ àwọn yòókù. Ẹ mú 0378-5955: ẹ fi 8, 7, 6, 5, 4, 3 àti 2 sọ méje àkọ́kọ́ di púpọ̀, ẹ ro ó pọ̀, ó di 160, pín in sí 11, ó ku 6, 11 yọ 6 jẹ́ 5, nọ́ńbà tó kẹ́yìn nìyẹn. Ẹ ṣe é lórí tiyín kí ẹ tó tẹ ẹ̀yìn ìwé. A tẹ ẹ̀dà díẹ̀ fún ilé ìkàwé àti àwọn òǹkọ̀wé, a sì kó èyí tó jẹ́ ti Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí.

Ohun tó kù

Jọ́nà akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kú nígbà tí àwọn tó dá a sílẹ̀ bá gbàwé jáde, tàbí tí ilé-ìwé bá tì pẹ́. Nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ aṣínà tó wà lórúkọ ẹnì kan. Gbogbo rẹ̀ wà lórúkọ ipò, olùbádámọ̀ràn wa sì ní ẹ̀dà kan. Ẹni tó wà ní ọdún kẹta ló ń bá ẹni ọdún karùn-ún ṣiṣẹ́ lórí àpilẹ̀kọ kan náà, kí ẹni tó kù lè mọ ọ̀nà.

Ẹ̀dà kejì máa dá lórí ìjáde Mali, Burkina Faso àti Nìjẹ̀r kúrò ní ECOWAS. Wọ́n kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 28, oṣù Kìíní, 2024, wọ́n ní lójú ẹsẹ̀ ni. Abala 91 nínú àdéhùn ECOWAS ti 1993 ní kí orílẹ̀-èdè fún àwọn yòókù ní ìkìlọ̀ ọdún kan, ECOWAS sì ka ìjáde wọn sí ọjọ́ 29, oṣù Kìíní, 2025. Kí ló dé bá ẹjọ́ tí ọmọ ìlú wọn ti pè síwájú ọjọ́ yẹn? Ibodè ńkọ́, àti àwọn ológun tí wọ́n jọ ń ṣọ́ ọ? Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé sí wa lórí èyí, kó fi ẹ̀dà ojú ewé tó tọ́ka sí kún iṣẹ́ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. A máa kà á.